Láti Abẹ́òkúta dé Ìkòròdú lórí odò Ògùn: ẹ kọ́kọ́ yí oṣù yẹn padà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún ni, Ìkòròdú la wà. Ó tó ọdún méjì tá a ti ń tu kayak (ọkọ̀ kékeré tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù) lórí ọ̀sà láti ẹbútè Ìpàkodò, gbogbo wa la sì mọ̀wẹ̀. A fẹ́ fi mọ́tò gbé ọkọ̀ wa lọ sí Abẹ́òkúta, ká wá bá odò Ògùn bọ̀ títí dé Májídùn ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, torí omi á ti pọ̀ nígbà náà, ìdí ọkọ̀ ò ní máa ha àpáta. Ọjọ́ mẹ́ta la fọkàn sí. Kí la máa gbé dání, báwo la sì ṣe máa tò ó?"

Ẹ kú ìmúra. Ká tó dé orí ẹrù àti oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká mú oṣù Kẹsàn-án kúrò ńbẹ̀, torí nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, òun nìkan ló lè pa èèyàn. Òótọ́ ni pé omi máa pọ̀. Àmọ́ lórí ọ̀sà, bí omi bá pọ̀, ilẹ̀ kàn jìn sí ìdí ọkọ̀ ni. Nínú odò, bí omi bá pọ̀, eré ló ń sá. Tí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ àti èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Kúbíìkì mítà omi kan wúwo tó 1,000 kìlógíráàmù. Àpáta tẹ́ ẹ rò pé omi á bò mọ́lẹ̀ fún yín kò kúrò níbẹ̀. Abẹ́ omi ló wà, ó ń yí omi po, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Nǹkan méjì ló ń pàṣẹ fún odò Ògùn: òjò àti ìdídò, ìyẹn ògiri tí wọ́n fi dá odò dúró (dam). Ìtòsí Ṣakí ni odò náà ti ń bọ̀, nítorí náà òjò tó rọ̀ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ló máa wá bá yín ní Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ pé oòrùn ń ràn ganrínganrín ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà. Ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ inú Ògùn. Ó lè gba omi tó tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Bí adágún rẹ̀ bá ti ń kún, àwọn tó ń bójú tó o ní láti tú omi sílẹ̀ kí ìdídò fúnra rẹ̀ má bàa bàjẹ́, oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá sì ni ìtúsílẹ̀ yìí máa ń pọ̀ jù. Ẹ bi àwọn ará Ìṣẹrì, Owódé-Onírìn, Agílítí àti Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12, wọ́n á sọ ohun tí ojú wọn máa ń rí láwọn oṣù yẹn. Omi ìdídò kì í ṣú kó tó rọ̀. Ó lè gòkè lábẹ́ ọkọ̀ yín láìsí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run.

Ìparí oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá la máa fọwọ́ sí. Òjò ti dáwọ́ dúró, odò ń fà sẹ́yìn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ẹ lè rí ìsàlẹ̀ níbi tí kò jìn. Tẹ́ ẹ bá dúró di oṣù Kejì, àpáta á ti yọrí jù, ẹ̀yin lẹ ó máa gbé ọkọ̀ dípò kí ọkọ̀ máa gbé yín. Ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ ò dá wa lójú, torí òjò òkè lè má sinmi, ìdídò náà sì lè ti kún. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹnì kan nínú yín lọ bá Àjọ Odò Ògùn-Ọ̀ṣun ní Abẹ́òkúta, àwọn ló ń mójú tó Ọ̀yán, kó sì béèrè bóyá wọ́n ń tú omi sílẹ̀. Kó tún béèrè lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tú u, ẹ sún un síwájú láìjiyàn.

Ohun kejì tẹ́ ẹ ní láti mọ̀ ni pé odò méjì ló wà nínú odò kan yìí. Ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀ àpáta ni odò ń gbà, àpáta kan náà tó gbé Olúmọ ró. Ibẹ̀ ni omi ti ń hó, tó ń já, tó ń pín ọ̀nà sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ti kúrò lórí ilẹ̀ àpáta yẹn sí gúúsù, ilẹ̀ iyanrìn àti amọ̀ ló bọ́ sí. Ó fẹ̀, ó ń lọ́, ó rọra ń ṣàn títí dé ọ̀sà. Ìrírí ọdún méjì tẹ́ ẹ ní wúlò gan-an fún apá kejì. Fún apá kìíní, ẹ ka ara yín sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Àwọn atukọ̀ káàkiri ayé pín omi híhó, ìyẹn omi tó ń sáré tó sì ń ru láàárín àpáta, sí ìpele mẹ́fà. Ìpele 1 ni omi tó kàn ń sáré díẹ̀. Ìpele 2 ní ìgbì kéékèèké, ọ̀nà sì hàn láti orí ọkọ̀. Ní ìpele 3, ìgbì lè kún ọkọ̀, èèyàn sì ní láti mọ bí a ti ń yí ọkọ̀ kánkán láàárín àpáta. Ìpele 4 àti 5 jẹ́ ti àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ, ìpele 6 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ikú. Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ kọjá ìpele 2 lọ́tẹ̀ yìí. Ibikíbi tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, etídò lẹ máa gbà, pẹ̀lú ọkọ̀ lórí èjìká. Ìpele kì í dúró lójú kan o: ibi tó jẹ́ 2 nínú oṣù Kejìlá lè di 4 nínú oṣù Kẹsàn-án.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, ẹ fẹsẹ̀ rin apá olókùúta yẹn látòkè délẹ̀, ẹ mú ìwé dání, ẹ ya ibi tí omi ti ń hó, ẹ sàmì sí ibi tí èèyàn ti lè gòkè sí ojú ọ̀nà mọ́tò. Àwòrán sátẹ́láìtì orí fóònù á fi ibi funfun hàn yín, àmọ́ kò ní sọ bó ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi igi tó ṣubú lánàá hàn. Ẹ wọn bí omi ti pọ̀ tó pẹ̀lú: ẹ wá ibi tó gún, ẹ wọn 10 mítà ní etídò, ẹ ju ẹ̀ka igi kékeré sómi, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá tó fi rin ín. Tó bá lo 10, mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Ẹ fi fífẹ̀ odò lu jíjìn rẹ̀, ẹ fi lu eré yẹn, kẹ́ ẹ wá fi 0.85 lù ú, torí omi ìsàlẹ̀ kì í sáré tó ti òkè. Odò tó fẹ̀ ní 30 mítà, tó jìn ní mítà 1, á fún yín ní nǹkan bíi 25 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà wá lọ́jọ́ ìrìnàjò tó ti di 50, odò mìíràn nìyẹn.

Àmì kan wà tí kò nílò ìṣirò: tí omi bá ti wọnú igbó etídò, tó ń fọ ewé igi, ẹ má wọ̀ ọ́. Tó bá pọ́n bí ẹrẹ̀, tí fọ́ọ̀mù àti ẹ̀ka igi ń bá a lọ, ó ṣì ń gòkè ni. Ẹ ri igi kan mọ́ ẹnu omi kẹ́ ẹ tó jẹun àárọ̀. Tómi bá fi ìka mẹ́rin gòkè lára igi yẹn láàárín wákàtí kan, ẹ tú ẹrù.

Bí a ti ń ka omi ló máa gba àkókò yín jù, ẹ má sì kánjú lórí rẹ̀. Ibi tí omi ti ya lẹ́nu gbòòrò lókè, tó sì ṣe ṣóńṣó sí ìsàlẹ̀ odò, ọ̀nà ló sábà máa ń jẹ́. Tí ṣóńṣó náà bá kọjú sí òkè odò, òkúta wà lábẹ́ ṣóńṣó yẹn. Lẹ́yìn gbogbo àpáta tó yọrí, omi máa ń padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́ láti dí àlàfo. Ibùsinmi ọkọ̀ nìyẹn, láti ọ̀kan dé ìkejì lẹ ó sì máa lọ. Ẹni tí kò bá tíì rí ibùsinmi tó kàn kò gbọdọ̀ kúrò nínú èyí tó wà. Bẹ́ ẹ bá ń rọra wọ ibùsinmi, omi tó ń sáré àti omi tó ń padà sẹ́yìn á gbá ọkọ̀ yí. Nítorí náà ẹ tu àjẹ̀ gbágbágbá la ìlà tó pín wọn kọjá, kẹ́ ẹ sì fi ara tẹ̀ sí apá ibi tẹ́ ẹ ń yà sí, bí ọlọ́kadà ti ń ṣe ní kọ́nà.

Tí ojú omi níwájú bá parẹ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, tó jẹ́ orí igi ìsàlẹ̀ nìkan lẹ̀ ń rí, ó já síbẹ̀ ni. Ẹ gba etídò, ẹ lọ wò ó. Ibi tí omi ti já tó sì ń yí padà sára rẹ̀ bí ọkà tó ń hó nínú ìkòkò lè di ọkọ̀ mú. Èyí tó burú jù lọ ni ibi tí èèyàn fi kọnkéré dá omi dúró kí omi lè máa ṣàn lórí rẹ̀ lọ́gbọọgba. Kò ga, kò pariwo, ó sì rẹwà lójú, àmọ́ omi tó ń yí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ láti etí kan dé ìkejì, kò sí àlàfo téèyàn máa gbà jáde. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì pàápàá kì í gba èèyàn là níbẹ̀. Gbogbo irú ibẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ kọjá, bó ti wù kó kéré.

Ẹ máa ṣubú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí, kẹ́ ẹ lè fi sọ́kàn kó tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti bọ́ sómi nínú ibi híhó, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa yọrí lójú omi, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ tu ara yín lọ sí etí. Ẹ má dìde dúró. Ohun tó ń pa ẹni tó mọ̀wẹ̀ nínú odò nìyí: ó rí i pé omi ò ju ìdí lọ, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ há sáàárín òkúta méjì, omi sì bì í ṣubú síwájú, kò lè gbórí sókè mọ́. Ó di ibi tómi ò bá dé orúnkún kẹ́ ẹ tó dìde. Tó bá jẹ́ igi tó ṣubú dínà lẹ rí níwájú, ọ̀nà yí padà: omi ń gba àárín ẹ̀ka kọjá, ara èèyàn ò lè gbà á. Ẹ yí dojú bolẹ̀, ẹ wẹ̀ lọ bá igi náà tagbáratagbára pẹ̀lú orí níwájú, ẹ ju ara yín sórí rẹ̀, ẹ gùn ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wọ abẹ́ rẹ̀ rárá.

Bí omi bá gbé ọkọ̀ lọ gbá àpáta, ara á fẹ́ sá fún àpáta náà. Òdìkejì lẹ máa ṣe. Ẹ fara tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gbá a mọ́ra, kí etí ọkọ̀ tó kọjú sí òkè odò lè gbé sókè. Ẹni tó bá sá fún àpáta á jẹ́ kómi rọ́ wọ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì ká mọ́ ọn lára. Tí ọkọ̀ bá ti dojú dé, òkè odò sí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wà. Ọkọ̀ tó kún fómi lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà, ìyẹn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlógíráàmù, kò sì yẹ kí èèyàn wà láàárín ìyẹn àti àpáta.

Lórí ọkọ̀ yín. Kayak tẹ́ ẹ fi ń gba orí ọ̀sà gùn kó lè máa lọ tààrà, ìyẹn gan-an ló sì máa dà yín láàmú láàárín àpáta, torí kì í tètè yí. Ti omi híhó kò ju 2.4 sí 2.7 mítà lọ, imú àti ìdí rẹ̀ sì ká sókè. Tẹ́ ẹ bá lè yá irú ẹ̀ fún ọjọ́ kìíní, ẹ yá a. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ fi àpò afẹ́fẹ́ dí inú ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn kómi má lè kún un, ẹ má sì gbé ẹrù kankan sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àpáta. Kí mọ́tò gbé ẹrù.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì olómi-ọsàn tí wọ́n ń pín ní ẹbútè, tó ń yọ kọjá orí téèyàn bá bọ́ sómi, kò tó. Ẹ ra èyí tó bá ara mu, tó ní bẹ́líìtì níbàdí. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹlòmíràn di èjìká rẹ̀ mú fà á sókè: tó bá dé etí yín, ó tóbi jù. Àṣíborí jẹ́ dandan láàárín àpáta, ti ọ̀kadà ò sì dára nítorí ó ń gbomi, ó sì ń fa ọrùn. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa, kì í ṣe sílípáàsì. Fèrè kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó so mọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Àpò okùn méjì tẹ́ ẹ máa jù fún ẹni tó bá bọ́ sómi, okùn tó ń léfòó, 20 mítà, kó nípọn ní nǹkan bíi mìlímítà 10. Ọ̀bẹ méjì, torí ibi tí okùn bá wà, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so okùn mọ́ ara tàbí ká a mọ́ ọwọ́. Àjẹ̀ méjì àfikún. Téèpù aláwọ̀ eérú tó nípọn fún ọkọ̀ tó bá là. Omi mímu lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, ORS, báńdéèjì àti oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Fóònù méjì tó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àpò tí omi ò lè wọ̀. Oúnjẹ ò le: gààrí, kúlíkúlì, ẹ̀pà, búrẹ́dì, ẹyin sísè.

Jíju okùn lẹ lè kọ́ ní Ìpàkodò láìrí omi híhó rárá. Kí ẹnì kan dúró ní 15 mítà, kí ẹlòmíràn ju àpò náà títí okùn á fi bọ́ lé èjìká rẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é, pẹ̀lú dídà ọkọ̀ dé àti gígùn ún padà, kí olúkúlùkù sì wẹ 200 mítà pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn.

Lórí omi, ẹni tó mọ omi kà jù ló ń ṣáájú, ẹni tó mọ ìgbàlà jù ló ń gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kọjá àwọn méjèèjì. Níbi tó ń hó, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa sọ̀kalẹ̀, kí ẹni méjì ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn. Omi á ti bo ohùn mọ́lẹ̀, nítorí náà àmì lẹ ó máa fi sọ̀rọ̀: àjẹ̀ lóòró túmọ̀ sí máa bọ̀; àjẹ̀ ní ìbú lókè orí túmọ̀ sí dúró; fèrè kan túmọ̀ sí wò mí; fèrè mẹ́ta túmọ̀ sí ewu dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ò ní tó. Ọ̀nà mọ́tò lẹ wò, odò sì ń lọ́. Ẹ fi ìwọ̀n orí máàpù tẹ̀lé gbogbo kọ́nà odò, kẹ́ ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún ohun tẹ́ ẹ bá rí. Lórí omi tó tẹ́jú, kìlómítà 4 sí 5 ní wákàtí kan, ìyẹn 20 lóòjọ́ kẹ́ ẹ ṣì lókun. Láàárín àpáta, ẹ ka kìlómítà 1 sí wákàtí kan, torí ẹ ó máa sọ̀kalẹ̀ wò ó, ẹ ó sì máa gbé ọkọ̀. Bí ago bá ti lu 4 ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ ti wà lórí ilẹ̀. Ẹ má sùn sórí iyanrìn àárín odò, bó ti wù kó mọ́ tó: ibẹ̀ ni omi ìdídò máa kọ́kọ́ gbà. A gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ pín in sí ìrìnàjò méjì, apá àpáta ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ìyókù ní òmíràn.

Nísàlẹ̀, ewu yí padà. Ní Akùtè ni wọ́n ti ń fa omi tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn. Ẹ gba etí kejì kọjá. Lábẹ́ afárá Kara, ẹ gba àárín òpó méjì, torí pàǹtí máa ń há mọ́ ìdí òpó. Ẹ pa ẹnu dé pẹ̀lú, ìdọ̀tí ọjà màlúù ń wọ odò níbẹ̀. Àwọn tó ń wa iyanrìn máa ń na páìpù àti okùn kọjá odò. Ẹ jìnnà sí wọn, ẹ sì juwọ́ kí wọ́n rí yín. Ewéko tó ń ru òdòdó aláwọ̀ àlùkò lè dí ẹnu odò pátápátá. Ẹ má já wọ inú rẹ̀, ẹ wá ọ̀nà tí ọlọ́kọ̀ àdúgbò là. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ dé ọ̀sà, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó ru ìgbì sókè, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ elérò. LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi ní Èkó, ò fàyè gba ìrìnàjò lóru tàbí láìsí láìfù jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tọ̀nà.

Inú omi tó ń hó ni eṣinṣin kékeré tó ń fa ìnárun, àrùn tó lè fọ́ni lójú, ti ń yé ẹyin. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Àtọ̀sí ajá, àrùn inú omi tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, wà ní àgbègbè Ọ̀yán láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn ìrìnàjò, kí gbogbo yín lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Oògùn praziquantel ń wò ó, dókítà ló sì máa fi ìwọ̀n ara yín ṣírò rẹ̀.

Yemọja ló ni odò yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé etí rẹ̀. Ẹ kí baálẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ti máa wọ omi àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ béèrè ibi tí wọn kì í fi ọkọ̀ dé. Ẹ bi àwọn apẹja ibi tí àwọ̀n àti ìgèrè wọn wà. Ìbéèrè kan yẹn nìkan lè fi àpáta kan hàn yín tí kò sí lórí máàpù kankan.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: orúkọ yín, àwọ̀ ọkọ̀, ibi tẹ́ ẹ ti wọ̀, ibi tẹ́ ẹ máa jáde, àti aago tẹ́ ẹ máa pè. Ẹ fún ẹnì kan ní Ìkòròdú tí kì í pa fóònù. Bí ó bá di 6 ìrọ̀lẹ́ tí kò gbọ́ ohùn yín, kó pe ẹni tó ń wa mọ́tò yín. Bí ìyẹn náà ò bá rí yín, kó pe 112. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ilẹ̀ Èkó, 767 náà ń lọ.